Ẹsẹ̀ Tí Kò Gbọ́ Ohùn Ìyẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé báwo ni ènìyàn ṣe ń di oníṣẹ́ ẹsẹ̀, ẹ jókòó dáadáa. Kò sí ẹni tó yẹ kó dá yín lóhùn bí kò ṣe èmi. Láti Ọjà Olúwo dé etí ọ̀sà, láti Ẹ̀pẹ́ títí wọ Ìgbògbò, bí ẹ bá ti béèrè Múfútáù Dókítà Ẹsẹ̀, ajá gan-an á júwe ilé mi. Prámárì kẹrin ni mo kàwé dé, n kò sì fi pamọ́. Ọmọ mi Rùká ló ń bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà, tèmi ni. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì, àti bó ṣe ku díẹ̀ kí Rùká pàdánù ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tó yẹ kó jáde lẹ́nu mi, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín. Àyà mi ṣì ń já bí mo bá rántí.

Ẹ má rò pé gígé èékánná lásán ni iṣẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn tó ń gbé àlùmọ́gàjí kiri àdúgbò, n kò bú wọn, iṣẹ́ tiwọn náà dáa. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́, inú omi ni ẹsẹ̀ ń gbé. Ẹni tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo, omi ẹja ló dúró lé láti àárọ̀. Apẹja tó ń fò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀gún ẹja ọ̀bọ̀kún ló máa ń kí i káàbọ̀. Gìgísẹ̀ á sán, èékánná á yí padà wọnú ẹran, awọ líle á dì sí àtẹ́lẹsẹ̀ bí èèpo igi. Ẹni tó bá máa tọ́jú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìjánu. Àkọ́kọ́ àti èkejì, Ọlọ́run ti fi jíǹkí mi láti kékeré. Ẹ̀kẹta ló fún mi ní wàhálà.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Apẹja ni bàbá mi, kò sì fẹ́ kí n bá òun gbó sójú omi. Ó mú mi lọ sí Ìgbògbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Làísì. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàdúrà, bàbá mi wọkọ̀ padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ń fọ ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.

Ọkùnrin gbọọrọ kan ni Bàbá Làísì, ó gbẹ bí panla, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Abẹ́ àtíbàbà kan létí ọ̀nà ló ń jókòó sí, lórí àpótí kékeré. Odidi àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ kápẹ́ńtà ti fi kan àga, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ ìnura nìkan ni mo dì mú. Mo máa fọ ẹsẹ̀, mo máa nù ún, Bàbá Làísì á fi ìka tirẹ̀ gba àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ náà kọjá. Bí ó bá rí omi díẹ̀ níbẹ̀, á mú aṣọ ìnura tútù, á fi na ẹ̀yìn ọwọ́ mi, pá!

"Múfútáù, ta lo fi omi yìí sílẹ̀ fún?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ni kí o bẹ̀."

Èmi náà á sì bẹ ẹsẹ̀ o. Oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín, ojú á máa gbà mí tì.

Lẹ́yìn omi, ó fi ìyẹ́ hàn mí. Ìyẹ́ apá adìyẹ funfun ni, ó máa ń fọ̀ ọ́, á sá a sóòrùn. Kí abẹ tó kan ẹnikẹ́ni lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ẹni náà gbọ́dọ̀ dijú. Bàbá Làísì á fi ṣóńṣó ìyẹ́ kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ́, oníbàárà á sì pe èyí tó kàn: àtàǹpàkò ni, ìka àárín ni, ọmọńdinrín ni. Ẹni tó bá pè é tọ̀nà, wọ́n á ṣiṣẹ́ fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Bàbá Làísì á nu ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi òróró pa á, á ní kó wá dókítà lọ. Ó ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti dití. Ìtọ̀ ṣúgà tí a ń pè ní àtọ̀gbẹ ló máa ń sọ ẹsẹ̀ di adití jù. Bí o bá gé e, kò ní ké. Bí ó bá ń jẹrà, kò ní sọ fún olówó rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tí kò bá gbọ́ ohùn ìyẹ́," ọ̀gá mi á ní, "má ṣe fi abẹ bá a sọ̀rọ̀."

Èmi, ẹnu mi yá. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú. Bàbá Làísì wò mí. "Múfútáù, kí ló ń ṣe é?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni, sà. Ó wakọ̀ jù."

"Ṣé o mọ̀ ni, àbí ò ń méfò?"

"Mo mọ̀, sà!"

Ó gbé abọ́ omi fún mi, ó ní kí n lọ máa pọnmi títí òun á fi pè mí. Kò pè mí títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Nígbà tó pè mí, ó ní, "Mo dàgbà jù ọ́ lọ, n kò tíì mọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn. Ọjọ́ tí o bá lè sọ pé 'n kò mọ̀' láìsí pé ojú ń tì ọ́, ọjọ́ yẹn ni wàá gba òmìnira lọ́dọ̀ mi." Mo rò pé àwàdà ni. Èmi tí mo mọ̀ ju gbogbo ọmọ iṣẹ́ Ìkòròdú lọ!

Ìgbà tó ku díẹ̀ kí n gba òmìnira ni ohun tó ba gbogbo wa lọ́kàn jẹ́ ṣẹlẹ̀.

Alhaja Sẹ̀líátù ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ó sì máa ń kó o wá fún àwọn tó ń tà á ní Ìgbògbò. Obìnrin ńlá ni, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé itan Bàbá Làísì, awọ líle ti dì sí abẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ẹ dijú, Alhaja."

"Làísì, ìyẹ́ adìyẹ lo tún fẹ́ fi rín mi ní gìgísẹ̀? Mo lọ́kọ nílé o!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò, ó ń lọ létòlétò dé ọmọńdinrín, bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Alhaja pe gbogbo wọn tọ̀nà, ó ń pè wọ́n bí ọmọ kéwú tó ń ka álífù báà. Bàbá Làísì mú abẹ. Ó gbẹ́ awọ líle náà kúrò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ, Alhaja kò tilẹ̀ mira. A ní obìnrin tó lọ́kàn ni.

Ó padà sí Ẹ̀pẹ́, sídìí ààrò ẹja rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lásìkò yẹn, òtútù sì mú un lẹ́sẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sún mọ́ ẹnu ààrò kó lè yá. Àwọn ayanja wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ wọn lára. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ òórùn. Alhaja ní, "Yí ẹja yẹn padà, ó ti ń jóná." Ìyàwó yí ẹja padà, òórùn kò dáwọ́ dúró. Ẹja kọ́ ló ń jóná.

Ọgbẹ́ abẹ wà lábẹ́, ọgbẹ́ iná wà lókè, ẹsẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan fún olówó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, ó ti wú kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Mo tẹ̀lé ọ̀gá mi lọ kí i. Bàbá Làísì ní, "Alhaja, ẹ pe gbogbo rẹ̀ tọ̀nà lọ́jọ́ náà."

Obìnrin náà kọjú sí ògiri. "Làísì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń kà á ni. O kì í fò. Ojú ló ń tì mí, kí wọ́n má bàa sọ láàárín ọjà pé ẹsẹ̀ Sẹ̀líátù ti kú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi títí di òní. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀ nínú ọkọ̀, kí a tó dé Ìtọ́ìkín mo ti rí ọgbọ́n sí i. Mo ní, "Bàbá, kí a má lọ létòlétò mọ́. Kí a fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Nígbà mìíràn, kí a má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án rárá, kí a kàn béèrè pé èwo ni. Ẹni tó bá dárúkọ ìka, ó ń méfò nìyẹn." Bàbá Làísì wò mí títí. Ó ní, "Ọgbọ́n rẹ dé lẹ́yìn ẹsẹ̀ Alhaja. Ṣùgbọ́n ó dé." Èmi ni mo dá ọgbọ́n yẹn sílẹ̀ o. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń mú abẹ bí ẹni mú ejò. Nígbà tó fẹ́ fún mi lómìnira, kò pe àlejò. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé itan mi, ó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì dúdú kan wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo wò ó lọ́tùn-ún, mo wò ó lósì, òógùn bò mí. Irọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti tò sẹ́nu mi tí mo lè fi dá a lóhùn.

"Kí ni, Múfútáù?"

"N kò mọ̀, sà."

Ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. "Máa lọ. O ti gba òmìnira." Ó padà sílùú rẹ̀ kété lẹ́yìn náà, kò sì mú abẹ mọ́ títí ó fi kú. Ìyẹn ni ìwé àṣẹ tèmi, ẹsẹ̀ ọ̀gá mi lórí itan mi.

Mo dé Ẹ̀pẹ́, mo pa àtíbàbà sí ọ̀nà Ọjà Olúwo, òkìkí mi kàn. Irinṣẹ́ ń yí padà, èmi náà ń bá a yí. Mo kúrò lórí abẹ tí a ń pọ́n, mo bọ́ sórí abẹ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù. Mo ra ìbọ̀wọ́, mo ra sípíríìtì. Òkúta tí a fi ń ha gìgísẹ̀, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń yí fìrìrì ló rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, ìyá arúgbó kan sá dìde tòun ti ọṣẹ lẹ́sẹ̀: "Múfútáù, ẹsẹ̀ ni mo ní kí o wò, n kò gbé àgbàdo wá sílé ìlọta!" Ṣùgbọ́n ìyẹ́ adìyẹ, n kò pààrọ̀ rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Rùká ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé ọjà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ fi abẹ kan awọ ènìyàn mọ́. Gígé èékánná kò burú, fífọ ẹsẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ọgbẹ́, awọ líle, èékánná tó wọnú ẹran, ó di ti oníwèé. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè jẹun. Kí ni Múfútáù láìsí abẹ? Mo wọ aṣọ jumá mi, mo gba ọ́fíìsì wọn ní Ìkòròdú lọ, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé àṣẹ tí mo ti tọ́ sí tipẹ́.

Ọmọbìnrin kan ló jókòó níbẹ̀, ó kí mi dáadáa. "Bàbá, ìwé mélòó lẹ kà?"

"Prámárì kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí mo ti rí, o ò tíì rí orí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ó là á yé mi, èmi náà ń là á yé yín. Iṣẹ́ náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní pòdáyátírì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì, kó yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Á yege JAMB, á wọ yunifásítì. Nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ó ní ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti àwọn tó ń fi ọwọ́ wo egungun àti iṣan, kí wọ́n tó gba òkè òkun lọ fún ti ẹsẹ̀. Bí ó bá padà dé, ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ á yẹ ìwé rẹ̀ wò. Á ṣiṣẹ́ ní ọsibítù lábẹ́ ojú ẹni tó ti gba àṣẹ. Á ṣe ìdánwò alákọsílẹ̀, á ṣe ti aláfọwọ́ṣe. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fún un ní ìwé àṣẹ, kò sì parí síbẹ̀, á máa sọ ọ́ dọ̀tun, á sì máa lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lóòrèkóòrè.

"Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lónìí ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ máa kọ́kọ́ wọ prámárì karùn-ún."

Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo dé inú ọkọ̀, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nílé, mo ròyìn fún ìyàwó mi. Rùká ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò gbójú sókè. Ó kàn ní, "Bàámi, mo ní bàọ́lọ́jì, mo ní kẹ́mísìrì. Físíìsì nìkan ló kù tí mo máa tẹra mọ́." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò ní fa ọ̀nà rẹ̀ gùn létí yín. Ó wọ yunifásítì, ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà, ó sọdá òkun, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù: "Bàámi, ohun tí ẹ máa ń ṣe, kí a má lọ létòlétò, kí a má fọwọ́ kàn wọ́n rárá nígbà mìíràn, ó wà nínú ìwé wa o!" Mo ní, "Ta ló lọ sọ fún wọn?"

Èmi ní tèmi, èékánná ni mò ń gé, ẹsẹ̀ ni mò ń fọ̀, mò ń dúró dè é. Ó padà dé, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ẹni tó ti gba àṣẹ ní ọsibítù kan ní Ìkòròdú, ó yege ìdánwò alákọsílẹ̀. Ó ku ti aláfọwọ́ṣe. Olúkúlùkù wọn ló máa mú ẹnì kan wá, tí wọ́n á yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójú àwọn olùdánwò. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ti ṣèlérí fún un, ni àwọn ọmọ ìyá náà bá wá gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú lójijì.

"Kí lo ń wá kiri?" mo ní. "Ẹsẹ̀ mi nìyí. Gìgísẹ̀ rẹ̀ sán díẹ̀, ìyẹn á fún ọ ní ohun tí wàá sọ. Ìyókù, kò sí ẹsẹ̀ tó mọ́ tó o ní gbogbo Ẹ̀pẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò kà sí nígbà náà. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, mo ti etí ọ̀sà bọ̀, mo wọlé, ìyàwó mi ní, "Bàbá Rùká, ìkejì sálúbàtà yín dà?" Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, èkejì kò wọ̀. N kò mọ ibi tó ti bọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo ní bàtà náà ti gbó ni. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, Rùká ní kí a dán an wò lẹ́yìnkùlé. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan. Ó yọ igi kékeré kan tí okùn ráńpẹ́ wà lórí rẹ̀.

"Ìyẹ́ dà?"

"Okùn yìí ni wọ́n ń lò báyìí, Bàámi. Ó dà bí okùn ìwọ̀ àwọn apẹja."

"Ó dáa. Èmi lẹja."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò. Mo dijú. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ọ̀sà. Mo dúró, mo dúró.

"Èwo ni, Bàámi?"

Mo ní nínú ara mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ọmọ yìí mà fúyẹ́ o. "Àtàǹpàkò."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ìka àárín."

"Báyìí?"

"Ọmọńdinrín! Ṣe kíá, mo fẹ́ kírun."

Rùká ní, "Bàámi, ẹ lajú." Mo lajú. Igi olókùn náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. "N kò tíì fọwọ́ kàn yín."

Ọgbọ́n tí mo fi ọwọ́ ara mi dá, òun ló mú mi.

Ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀. Nǹkan dúdú kan wà lábẹ́ àtàǹpàkò. Ó tẹ̀ ẹ́, ọyún yọ. Ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún ni, ó ti wọlé pátápátá, èmi tí mo ti yọ irú rẹ̀ fún apẹja tí n kò lè kà. N kò mọ ìgbà tó wọlé. Ìyàwó mi wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ojú mi. "Bàtà yẹn," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Rùká fọ ojú ibẹ̀, ó fi aṣọ funfun dì í. Kò fi abẹ kàn án. "Lọ́la, ẹ ó bá mi lọ. Bí a bá ti ń jáde níwájú wọn, ọ̀dọ̀ dókítà ni a ń lọ. Ọsibítù kan náà ni."

"Kí lo máa sọ fún wọn?"

"Ohun tí mo rí."

"Sọ fún wọn pé gìgísẹ̀ mi sán."

"Bàámi, ilé ń jó, ẹ ní kí n máa sọ̀rọ̀ aṣọ tó ya."

"Rùká! Wọ́n máa gbọ́ ní Ọjà Olúwo pé ẹsẹ̀ Dókítà Ẹsẹ̀ ti kú."

Ó rọra gbé ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. "Bí mo bá ti sọ tèmi tán, olùdánwò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ yín wò. Bí ohun tí mo sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó rí, mo fìdí rẹmi nìyẹn. Bí ẹ bá méfò, tí ẹ sì méfò tọ̀nà, èmi ni mo di òpùrọ́. N kò lè di yín lẹ́nu mú. Ó kù sí yín lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti wọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìtọ́ìkín ju iye irun orí mi lọ. Kò gùn rí bíi ti àárọ̀ yẹn. Rùká jókòó tì mí, ó ń gbọ̀n ẹsẹ̀, kò mọ̀ pé òun ń gbọ̀n ọ́n. Mo ń wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó ń gbọ̀n, mo ń wo tèmi tó dákẹ́.

Olùdánwò tó kàn wá, obìnrin kan tó ti hewú ni, ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Rùká sọ ohun tó rí, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní ẹsẹ̀ bàbá òun kò mọ nǹkan lára mọ́, ẹ̀gún wà nínú rẹ̀, òun kò sì ní fi abẹ kàn án títí dókítà á fi yẹ ṣúgà wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó yí sí mi.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹsẹ̀ lẹ̀yin náà ń ṣe."

"Èmi ni mo kọ́ wọn ní Ẹ̀pẹ́, Mà."

"Ó dáa. Ẹ dijú."

Mo dijú. Mo gbọ́ ẹ̀gbà: ṣín. Ó dákẹ́. Ẹ gbọ́ mi o, mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti kékeré. Ìró ẹ̀gbà yẹn nìkan tó fún mi. Ó dún lápá ibi tí àtàǹpàkò wà. Mo lè pè é. Mo lè pe gbogbo wọn láìṣì, kí n fi ẹsẹ̀ mi rìn jáde bí ọba, kí ẹnikẹ́ni má mọ nǹkan kan ní Ọjà Olúwo.

"Èwo ni, Bàbá?"

Orúkọ ìka náà ti dé ahọ́n mi. Mo ń gbọ́ bí Rùká ṣe ń mí. Ni mo bá gbọ́ ohùn Alhaja Sẹ̀líátù bí ẹni pé ó kọjú sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: mo ń kà á ni.

"N kò gbọ́, Mà."

Ṣín. "Èyí ńkọ́?"

"N kò gbọ́."

Ó ń béèrè, mo ń dá a lóhùn, òógùn ń ṣàn wọ inú ọrùn agbádá mi. Gbogbo rẹ̀, n kò gbọ́. Kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe rí tó wúwo tó gbólóhùn yẹn. Nígbà tó yá, nǹkan kan rìn mí bí eèrà, lókèèrè, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni.

"Gìgísẹ̀!" mo pariwo. "Gìgísẹ̀ ni, Mà! Ìyẹn, mo gbọ́ ọ!"

Obìnrin náà ní kí n lajú. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń méfò," ó sì yí sí Rùká, ó ní kó máa gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kíá.

Wọ́n yọ ẹ̀gún náà. Wọ́n dá mi dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ti pẹ́ lára mi. Ẹsẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ mi, mo dúpẹ́. Èsì ìdánwò ló pẹ́ kó tó jáde. Bí fóònù Rùká bá ti dún, gbogbo ilé á dákẹ́. Ọjọ́ tó dún pé ó ti yege, ìyàwó mi ló kígbe. Èmi, mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Ìwé àṣẹ náà wà lára ògiri báyìí ní ilé ìtọ́jú kékeré tó ṣí sí ọ̀nà ọjà, ibi tí àtíbàbà mi wà tẹ́lẹ̀. Mo kó abẹ mi fún un. Kò lò wọ́n. Ìyẹ́ nìkan ló gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ tẹra mọ́ bàọ́lọ́jì, ẹ tẹra mọ́ kẹ́mísìrì, ẹ má sá fún físíìsì. Ọ̀nà tèmi ti dí, kò sì burú bó ṣe dí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ síwájú ẹni tó jù yín lọ, kó bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì wo ohun tó máa jáde lẹ́nu yín.

Ní gbogbo Jímọ̀, kí n tó lọ kírun, Rùká máa ń gbé ẹsẹ̀ mi lé itan. Mo ní ìyẹ́ ni kó fi ṣe é, òun náà sì gbà. Mo máa ń dijú.

"Èyí, Bàámi?"

"N kò gbọ́."

"Èyí ńkọ́?"

"N kò gbọ́."

Ó máa ń fi gìgísẹ̀ ṣe ìkẹyìn. Ó mọ̀ pé òun ni mo ń dúró dè. Mo máa ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ara mi bí ẹni ń tẹ́tí sí ọmọ tó ń sùn. Jímọ̀ tó kọjá, gìgísẹ̀ náà pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ó dáhùn.